Orin Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Àsàlámù àlékùm, Dádì mi,

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo jókòó kọ lẹ́tà sí yín, èmi tí mi ò lè kọ ju ìlà kan lọ ránṣẹ́ sórí fóònù yín nígbà tí ẹ wà láyé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ nínú ilé yìí, torí pé gbogbo wa la ń fi nǹkan pa mọ́ fún ara wa. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè bá sọ ọ́ tí kò ní lu síta.

Ẹ ó rántí gìtá tí mo rà lọ́wọ́ aládùúgbò wa tó kó lọ sí Brooklin, ìlú kan nítòsí wa níbí. Mọ́mì ní igi olókùn ni, wọ́n ní kí n má gbé e dé pálọ̀ níbi tí a ti ń kírun. Ẹ̀yin ò bá mi jà. Ẹ kàn ní kí n má jẹ́ kó dí mi lọ́wọ́ ìrun. Títa gìtá ò le fún mi rárá. Ẹnu mi ni kì í là. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ilé kéú ti fi mí rẹ́rìn-ín, nígbà tí ohùn mi ń yí padà, tí mo fẹ́ ka Fátíhà tó wá ń dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ni mo ti pinnu pé etí kankan ò ní gbọ́ orin lẹ́nu mi mọ́. Màá ti ilẹ̀kùn yàrá mi, màá ká táwẹ́ẹ̀lì sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, màá wá máa kọrin wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ máa ń wúkọ́ kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà mi, kí n lè ráyè dákẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé òtútù ìlú òyìnbó yìí ló ń bá ọ̀fun yín jà. Ọjọ́ tí mo wá kíyè sí i pé ẹ kì í wúkọ́ níbòmíràn, ìtìjú mú mi débi pé mi ò lè wo ojú yín nídìí oúnjẹ. A ò sọ ọ́ rí títí ẹ fi lọ. Dádì, ṣé ẹ máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ẹ tó wúkọ́? Ó ń dùn mí pé mi ò bi yín.

Lẹ́yìn tí a sin yín, ilé dákẹ́. Mi ò fọwọ́ kan gìtá títí yìnyín fi yọ́. Nígbà tí mo padà sí i, orin kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lẹ́nu, èyí tí ẹ máa ń kọ nínú ọkọ̀ bí ẹ bá wá gbé mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Scarborough. Ẹ ní orin tí Ìyá Àgbà máa ń kọ fún yín nìyẹn bí wọ́n bá pọ̀n yín bọ̀ láti oko:

Àkànní, má sùn, ilé kù díẹ̀,
Òjò ti ṣú, a ó dé kó tó rọ̀.

Ìlà méjì péré, ẹ ó sì máa kọ ọ́ títí a ó fi délé ní Weston, bí yìnyín bá ń bọ́ bí kò bá bọ́.

Ìdí orin yìí ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Mọ́mì tó pe gìtá ní igi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní òwúrọ̀ Sátidé pé ṣé mi ò ní ta gìtá mi lónìí ni. Wọ́n dín dòdò, wọ́n gbé e wá bá mi nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí oúnjẹ wọ yàrá nílé yìí. Wọ́n ní orin Dádì rẹ yẹn dùn, kọ ọ́ jáde dáadáa, má kọ ọ́ sínú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Mọ́mì tí a jọ mọ̀ nìyẹn? Pańsá ò fura, pańsá já iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Mo ní èmi ò ní jìn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Sátidé nìkan ni Mọ́mì máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun tó nípọn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dún. Bí mo bá lọ wẹ̀ tí mo bá padà dé, táwẹ́ẹ̀lì ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn mi á ti kúrò, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fọ̀ ọ́. Bí mo bá sì ń kọrin, òjìji á wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, òjìji tí kì í wúkọ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ní bóyá wọ́n ń gba ohùn mi sílẹ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Alfa, kí Alfa gbàdúrà kí ọwọ́ mi kúrò lára gìtá. Mo tún ní bóyá Auntie Sídíkà ni, ọ̀rẹ́ Mọ́mì tó ń dirun, tó ń wá ọkọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bóyá wọ́n ń fi ohùn mi han ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ń fún èèyàn ní ọbẹ̀ tọ́ wò. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ máa ń sọ pé bí wọ́n bá bu omi fún mi, màá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi.

Ní Sátidé kan, mo dẹ pańpẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ orin yín, mo kọ ìlà àkọ́kọ́ tán, mo sì dákẹ́ lójijì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn gìtá. Mo ń retí kí Mọ́mì sá lọ kí n lè gbọ́ wọn. Wọn ò sá. Ohùn kan ló gbé ìlà kejì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohùn arúgbó, tó tín-ín-rín, tó ń gbọ̀n: òjò ti ṣú, a ó dé kó tó rọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Mọ́mì wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n tẹ́ fóònù sórí kápẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n yára fi ìka sẹ́nu pé kí n má sọ̀rọ̀. Wọ́n wá gbé fóònù, wọ́n ní ọmọ yín ti wọ balùwẹ̀ o, Ìyá, ó fẹ́ tètè wẹ̀ kó máa lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí n kí yín.

Dádì, wọn ò tíì sọ fún ìyá yín pé ẹ ti kú.

Àǹkù Làsísì, àbúrò yín, ló ní kí ẹnikẹ́ni nílé ní Ìbàdàn má là á fún Ìyá Àgbà. Wọ́n ní etí ìyá ọlọ́mọ ò gbọdọ̀ gbọ́ irú ẹ̀, pé bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí yìí, ó máa gbé wọn lọ ni. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé, mi ò kàn mọ̀ pé à ń ṣe é nínú fúláàtì tiwa níbí. Mọ́mì ní Ìyá Àgbà ń béèrè yín ṣáá, irọ́ sì ti tán lẹ́nu àwọn: ó wà níbi iṣẹ́, ọ̀fun ń dùn ún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà gbọ́ mi láti inú fóònù tí mò ń kọrin, wọ́n ní ṣé Àkànní nìyẹn. Mọ́mì ní àwọn ò mọ ìgbà tí àwọn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi wọ́n pé gìtá tó ń dún níbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn sọ pé rédíò ni.

Inú bí mi, kí n má purọ́ fún yín. Kì í ṣe torí irọ́ yẹn nìkan. Mo ti ń gbà díẹ̀díẹ̀ pé ohùn mi dára. Mo ti ń rò pé èmi ni wọ́n ń torí ẹ̀ dín dòdò. Àṣé ohùn yín ni wọ́n ń wá nínú ọ̀fun mi. Mo bi Mọ́mì pé ta wá lèmi nínú ilé yìí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé kí àwọn pa ìyá ọlọ́mọ ni. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo dá táwẹ́ẹ̀lì padà sí ààyè rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mi ò kọrin. Èyí tó tún tẹ̀lé e, mi ò kọrin. Mo ń gbọ́ Mọ́mì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń sọ fún Ìyá Àgbà pé ẹ ti lọ pààrọ̀ táyà ọkọ̀ nítorí òtútù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà Àǹkù Làsísì pè, wọ́n ní Ìyá Àgbà ò jẹun dáadáa mọ́, pé bí wọ́n bá ti kírun Àyìlá tán, wọ́n á kàn jókòó ti fóònù. Kí lẹ̀ bá ní kí n ṣe? Bí mo bá kọrin, mò ń fi orúkọ yín parọ́ fún ìyá yín. Bí mi ò bá kọ ọ́, ẹ tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i, etí wọn á sì wá gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín nínú yàrá níbẹ̀ pé kí ẹ dá mi lóhùn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé gìtá, mo kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Nígbà tí mo ti mọ ibi tí orin mi ń lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ohun tó ń tibẹ̀ bọ̀, ara sì tún fu mí. Mọ́mì ní tẹ́lẹ̀, Ìyá Àgbà máa ń ní kí wọ́n gbé fóònù fún yín. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá wo ló máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò ní ní kó jáde wá? Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ Àkànní mọ́. Wọ́n á ní, ẹni tó ń kọrin yẹn, ṣé ó ti jẹun? Lọ́jọ́ kan wọ́n bi Mọ́mì pé ṣé òtútù ò ti mú ọwọ́ rédíò yẹn jù. Mọ́mì dáhùn pé rárá, kò tíì mú un, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Èmi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo la ẹnu sílẹ̀. Rédíò wo ló ní ọwọ́?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Mọ́mì wà níbi iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, fóònù tèmi dún. Ìyàwó Àǹkù Làsísì ló pè mí lórí fídíò. Ó gbé fóònù síwájú Ìyá Àgbà, ó sì jáde. Mo yára dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí mo dìde ni mo rántí pé gìtá wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn mi. Ìyá Àgbà wò mí, wọ́n wo gìtá, wọ́n tún wò mí.

“Ọkọ mi,” ni wọ́n wí, “Àkànní ò mọ gìtá í ta.”

Mo wá irọ́ kan tí mo lè pa, mi ò rí. Wọ́n ní ṣé ọmọ àwọn lè wà láyé kí Iléyá dé kí Iléyá lọ, kó má pe àwọn? Ọjọ́ Iléyá yẹn làwọn ti mọ̀. Wọ́n ní àwọn ti sunkún àwọn, nígbà tí gbogbo ilé rò pé àwọn ń fa tẹ̀sùbáà. Mo wá bi wọ́n, pẹ̀lú Yorùbá mi tó ń ta kókó, pé kí ló dé nígbà náà tí wọ́n ṣì ń jókòó gbọ́ orin náà.

“Tìrẹ ni mò ń gbọ́. Ohùn tìẹ ga ju ti bàbá rẹ lọ, ẹ̀rù ló kàn máa ń bà á kó tó jáde. Ìyàwó ọmọ mi ń gbìyànjú gan-an, má sọ fún un pé mo mọ̀. Ṣùgbọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ mi mọ́.”

Mo sunkún, Dádì. Mi ò sunkún báyẹn lọ́jọ́ tí a sin yín. Lẹ́yìn náà mo gbé gìtá, mo kọ orin yín fún wọn lójúkojú, àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí ẹnu mi lórí orin láti ọjọ́ ilé kéú yẹn. Ohùn mi há ní ìlà kejì. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi ìka lu itan wọn rọra títí mo fi rí ohùn mi gbà padà.

Àná òde yìí ni Sátidé. Mo ṣí ilẹ̀kùn mi gbayawu, mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Mọ́mì yọ́ dé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ wọn àti fóònù wọn, wọ́n bá mi níbẹ̀, wọ́n dúró. Mo kọrin sókè débi pé mo rò pé àwọn tó ń gbé lókè wa á fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ pé kí n dákẹ́, wọn ò lù ú. Mọ́mì ṣì sọ fún Ìyá Àgbà pé ẹ ń wẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó rọra máa wẹ̀, omi ò wọ́n. Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn, wọ́n wá yí ojú sí ògiri. Mo wò wọ́n dáadáa. Ara ti ń fu mí pé Mọ́mì náà mọ̀ pé Ìyá Àgbà mọ̀. Mi ò bi wọ́n.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí ibi tó tutù, kó foríjì yín. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún báyìí. Táwẹ́ẹ̀lì ti padà sí balùwẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá mi sì ṣí sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ẹ bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Dádì, ẹ má wúkọ́ mọ́. Ẹ máa wọlé.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
ẹni tó ní rédíò.