Gárèjì Ìbàdàn Ti Di Ilé Àga

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Bísí, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi Sàrátù ń bọ̀ láti Ìbàdàn lónìí. Kò ní fóònù, ojú ẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó dúró dè mí ní gárèjì mọ́tò Ìbàdàn ní Ṣàngó, níbi tí àwa méjèèjì ti jọ ta búrẹ́dì.

Mo débẹ̀, mi ò rí mọ́tò kankan. Ṣọ́ọ̀bù àga ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Mo jókòó sórí àga kan níta títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀.

Ọmọbìnrin tó ń tajà bá jáde. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ ra àga yẹn ni?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mọ́tò Ìbàdàn ni mò ń retí."

"Ha, màmá, wọ́n ti kó gárèjì kúrò níbí tipẹ́."

Níbo ni kí n ti wá Sàrátù báyìí? Mo dìde, mo bá polówó bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tá a jọ ń tajà: "Búrẹ́dì gbígbóná rèé o!"

Ẹnì kan dáhùn látinú ṣọ́ọ̀bù: "Gbé méjì wá, kó má jẹ́ ti àná bíi tìgbà yẹn."

Sàrátù ni. Ọlọ́kadà ló gbé e wá láti gárèjì tuntun. Àtọ̀sán ló ti jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó rò pé ibi tí èrò ti ń dúró de mọ́tò ni. Ọmọ yẹn ní òun rò pé ó ń yan àga ni.

Bísí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò ṣìnà. Pé o ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ pé gárèjì ti kúrò níbẹ̀, ìyẹn ò kan ìwé yìí.