Ìjókòó Apá Òsì

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò ní í purọ́ fún yín, ilé ò dùn. Láti ìgbà tí onílẹ̀ ti gba ìsọ̀ mẹkáníìkì yín, ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Mushin ni ọkọ̀ eré yín wà, olórùlé kíká tí òyìnbó kan pa tì, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín sọ di tuntun. Òjò ọdún yìí ò ṣàánú rẹ̀. Aṣọ òrùlé tí ẹ rán ti ya, ìpẹtà sì tún ti ń jẹ abẹ́ rẹ̀ tí ẹ fi páànù tuntun pààrọ̀. Màámi fẹ́ kí a tà á kó tó jẹrà lójú wa. Èmi ló fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sí lọ́wọ́, torí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ ń wà á.

Ẹ rántí? Kété tí ẹ tún un ṣe tán ni ìjọba pàṣẹ kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tiyín, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Ẹ wá di ẹni tó ń wakọ̀ létí gọ́tà. Bí ọkọ̀ ńlá bá wà níwájú, ẹ ò rí nǹkan kan, àfi èmi tí mo jókòó lápá òsì. Bí mo bá fọwọ́ lù yín lápá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà mọ́, ẹ ó sáré kọjá. Bí mo bá di apá bùbá yín mú, ẹ ó dúró, ẹ ò sì ní í bèèrè ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu! Ọjọ́ tí atẹ́gùn gbé fìlà yín lọ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ẹ ò wẹ̀yìn, ẹ kàn ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Oníṣòwò aṣọ kan láti Sábó ló fẹ́ rà á. Lánàá, mo bá a jókòó kó lè dán an wò. A wà lẹ́yìn ọkọ̀ akóyanrìn kan, ọkùnrin náà fẹ́ bọ́ síta kó kọjá. Mo rí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀, ọwọ́ mi sì ti di apá aṣọ rẹ̀ mú kí n tó mọ̀. Ó já aṣọ rẹ̀ gbà, ó bọ́ síta. Bàámi, díẹ̀ ló kù. Nígbà tó rí ibi dúró sí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo ibi tí sítíárìn wà.

Ó ti pinnu láti gbé sítíárìn náà sápá òsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kò ní í pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ yóò wá jẹ́? Lọ́jọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run, ẹ di apá aṣọ mi mú. Ṣé ẹ fẹ́ kí n dá yín dúró ni, àbí ẹ̀ ń bẹ̀ mí kí n wo ọ̀nà fún yín? Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Mo gbà kí a tà á. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo kàn gbà ni. Láàárọ̀ yìí ni ọkùnrin náà wá gbé e. Ó ti ṣáná sí i, ṣùgbọ́n kò lè lọ, torí mo di etí ilẹ̀kùn mú. Màámi dúró lẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, mo tú ọwọ́ mi, mo fi lu ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ.

Mi ò wo ọ̀nà, Bàámi. Omi ti bo ojú mi.

Kí Ọlọ́run bá mi wo ọ̀nà fún yín níbi tí ẹ wà.

Ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín,
Ojú òsì yín.