Òjìji Lucina

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Agẹmọ

Lucina ò sọ̀rọ̀ lónìí náà. Láti Ọjọ́bọ̀.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bóyá ọkàn mi á rọlẹ̀. Ìgbì àsìkò yìí ga bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Oníyọ̀ — Fermín, ọkọ mi. Kò sígbà tí iyọ̀ òkun kì í sí lára rẹ̀ — gbé pátákó tó fi ń gun ìgbì, ó ní òun fẹ́ gun ẹyọ kan péré kí àwọn òyìnbó tí òun ń kọ́ tó dé. Èmi àti ọmọ jókòó sórí iyanrìn. Ó dìde dúró lórí ìgbì. Lucina ń pàtẹ́wọ́. Ìgbì wó lé e lórí. Ìdajì pátákó ló kọ́kọ́ jáde. Mo figbe ta. Ọmọ ò ké. Ó kàn ń wo ibẹ̀. Ọkùnrin méjì ló wọ́ baba rẹ̀ jáde, ó ń bi omi, ó ń bi omi.

Ó yè é. Ọpẹ́ ni fún Ìyá Màríà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin tó máa ń bá adìyẹ jiyàn, kò tíì fọhùn láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ajé, 8 Agẹmọ

A lọ rí dókítà. Obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ò lè ju tèmi lọ. Ó yẹ ọ̀fun wò, ó yẹ etí wò. Kò sí nǹkan kan. "Ẹ̀rù ló bà á, ìyá Lucina. Ẹ fún un láyè. Ẹ má fipá mú un sọ̀rọ̀."

Ká fún un láyè di ìgbà wo? Ó ń jẹ ẹja, ó ń jẹ máńgòrò, ó ń nawọ́ sí ohun tó bá fẹ́. Tó bá ti sùn lọ́sàn-án, èmi a gbé etí sítòsí ẹnu rẹ̀, bóyá á sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Agẹmọ

Rárá o.

Ọjọ́bọ̀, 11 Agẹmọ

Ìyá mi pè mí lórí fóònù láti ìlú wa lórí òkè. "Gbé ọmọ yẹn wálé. Àwa àti òkun ò mọra." Mo ní ọjọ́ Àìkú ni a ó wọ bọ́ọ̀sì. Oṣù mẹ́ta la ní a máa lò ní Barra Chica níbí nígbà tí Fermín ríṣẹ́ pé kó máa kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì. Ẹ wo iye ọdún tó ti kọjá báyìí.

Ọ̀gágun gbọ́ — ìyẹn Doña Eustolia, ìyá ọkọ mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń yí tọ̀tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, padà lórí iná, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ọmọ òkè, ara lásán lo máa gbé lọ. Òjìji rẹ̀ ṣì wà nínú omi yẹn. Tó o bá délé yín, ta lo fẹ́ máa fún lóúnjẹ?"

Mo ní dókítà sọ pé ẹ̀rù ni, mà.

"Kí lèmi náà ń sọ? Ẹ̀rù ló já òjìji ọmọ kúrò lára. Dókítà ti mọ orúkọ àìsàn. Ó kù kí ẹnìkan pe orúkọ ọmọ."

Oníyọ̀ ń fá pátákó tuntun lẹ́yìnkùlé. Ó ń gbọ́ wa. Ó ń fá a lọ.

Tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ ńkọ́? Tí mo gbé e lọ, tó ń dàgbà, tó ń jẹ, tó ń sùn, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Agẹmọ

A pè é lónìí. Ìṣẹ́gun àti Ẹtì nìkan ni wọ́n máa ń pe òjìji níbí. Ọ̀gágun fi ewé efinrin gbá a lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó fẹ́ ọtí sí i lójú. Ọmọ kàn ṣẹ́jú ni. A wá lọ sétí omi, ibi tó jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gágun ń fi aṣọ Lucina na ilẹ̀: "María Lucina, dìde. Má dúró síbẹ̀. Wá sílé."

Ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Mo ń bọ̀." Kò sọ́mọ ibí tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi ṣeré.

Ọ̀gágun na ilẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Lucina ń wo alákàn kan.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Agẹmọ

Bọ́ọ̀sì ti lọ. A ò bá a lọ.

Ọjọ́rú, 17 Agẹmọ

Mo lọ ra ẹja lọ́wọ́ Nicanora. "Kò tíì sọ̀rọ̀? Háà, kí Ọlọ́run gbé irú rẹ̀ fún ọkọ mi o. Tí òjìji tiẹ̀ bá kó sómi, ta ló fẹ́ pè é? Màá tún gbé òkúta lé e ni." Àwọn tó dúró nídìí ẹja bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú wá tì mí.

Lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àbúrò òun dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìjì ká òrùlé wọn lọ. Mo bi í bóyá wọ́n pè é. Wọ́n pè é. Ṣé ó dáhùn? Ó fi ẹja kékeré kan ṣe ènì fún mi. "Awakọ̀ ni lónìí. Àwọn èrò ọkọ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́."

Mo fi ìyẹn sọ́kàn títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Agẹmọ

A tún pè é. Pàbó.

Ọ̀gágun jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Mi ò rí i kó rẹ̀ ẹ́ báyìí rí. Ó ní òun ti mọ ibi tí àwọn ti ṣì í. Ibi tí ọmọ jókòó sí la ti ń pè é, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibi tí baba rẹ̀ rì sí lojú rẹ̀ wà, ibi tójú bá sì lọ ni òjìji ń tẹ̀ lé e lọ. Inú omi ni kí á ti pè é. Kì í sì í ṣe òun ló máa pè é. Ẹni tó lóyún rẹ̀ ni.

Mi ò mọ̀wẹ̀. Odò wa lókè, kò kọjá kókósẹ̀.

Mo bá Oníyọ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo ní òun ló máa gbé mi wọ inú omi. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìyá Lucina, mi ò tíì wọ omi láti ọjọ́ yẹn."

Mo ní ṣebí ó sọ pé etí ló ń dun òun.

"Kì í ṣe etí. Orí iyanrìn ni mo ń dúró sí tí mo ń pariwo fún àwọn àlejò tí mò ń kọ́. Wọn ò tíì fura."

A jókòó ti ara wa. Kò sẹ́ni tó lè tu ẹnì kejì nínú.

Ọjọ́ Ajé, 22 Agẹmọ

Mo rí Oníyọ̀ láàárọ̀ yìí, òun nìkan, omi dé ìbàdí rẹ̀. Ó dúró pẹ́. Ó jáde.

Tí èmi náà bá lọ fi òjìji tèmi síbẹ̀, ta ló máa pè mí?

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Agẹmọ

A tún lọ lónìí.

Òkun rọlẹ̀ láàárọ̀. Omi ti fà sẹ́yìn, ìgbì ò ga ju orúnkún lọ. Ọ̀gágun di ọmọ lọ́wọ́ mú lórí iyanrìn. Ó kìlọ̀ fún mi: ẹni tó bá ń pe òjìji kì í bojú wẹ̀yìn wolẹ̀. Tó bá wẹ̀yìn, òjìji á rò pé wọn ò fẹ́ òun mọ́. Ibú ni kí n kọjú sí.

Mo dojú bolẹ̀ lórí pátákó. Oníyọ̀ ń tì mí lọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ń sọ pé, "Kò sí nǹkan, kò sí nǹkan," mi ò mọ ẹni tó ń sọ fún. Nígbà tí omi kàn án láyà, ó dúró. Ó ní ibí ni.

Mo fi aṣọ na omi. Mo pè é. "María Lucina, wá. Má dúró síbẹ̀. Ìyá rẹ ló ń pè ọ́. Wá bá mi."

Mo gbọ́ ariwo Ọ̀gágun lẹ́yìn. Mo rò pé àdúrà ni. Mo tún pè, ohùn mi ń ya. Omi kó sí mi lẹ́nu. Mo tún pè é.

"Mo ń bọ̀."

Ohùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ mi jù. Kò sí ọmọ orí iyanrìn kan tí ohùn rẹ̀ lè sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn.

Ó ti wà nínú ìfófòó, omi dé ọrùn rẹ̀, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó ń bọ̀. Mo ti ní kó wá. Ọ̀gágun ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, yẹ̀rì ti ká a lẹ́sẹ̀, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ìgbì kékeré kan kọjá lórí ọmọ. Mi ò rí i mọ́.

Oníyọ̀ fi mí sílẹ̀, ó rì sábẹ́ omi bí òkúta. Mo gbá pátákó mọ́ra. Mi ò lè pe orúkọ náà mọ́, ẹ̀rù ń bà mí láti pè é.

Ó gbé e jáde. Ọmọ wúkọ́, ó pọ omi, ó sunkún. Bí Oníyọ̀ ṣe fà mí dé ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbá a mọ́ra, ó fọwọ́ tì mí láyà. Inú ń bí i.

"Ẹ pè mí, mo dáhùn. Ẹ tún pè mí, mo tún dáhùn. Ẹ ò wojú mi."

Ọ̀gágun jókòó sínú iyanrìn, ó tutù rinrin. Ó ní láti ìpè àkọ́kọ́ ni ọmọ ti ń dáhùn, pé ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, pé òun ń pariwo kí n yíjú padà.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má yíjú, mà."

"Èmi ni, ọmọ mi." Kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò mọ̀ bóyá òjìji ló wọlé ni tàbí ẹ̀rù ló jáde. Mi ò mọ ohun tí n óò sọ fún ìyá mi tó bá pè nípa bọ́ọ̀sì. Oníyọ̀ ti lọ fọ iyọ̀ kúrò lára. Lucina wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ó ń sọ fún adìyẹ pé omi wọ òun nímú. Ó ń pè mí báyìí. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fi kálàmù sílẹ̀.