Ìbẹ́pẹ Inú Ọbẹ̀ Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé ẹ ti sinmi, kò sì yẹ kí n tún máa yọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá Dọ́kàsì ti wà ní títì láti àárọ̀, agbẹ̀bí kò jẹ́ kí n wọlé, kò sì sí ẹni tó dàgbà jù mí lọ nínú ilé yìí mọ́ tí mo lè fẹjọ́ sùn. Ìyàwó Jòsáyà ni Dọ́kàsì, Jòsáyà sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run dá sí fún mi. Ẹ kò dúró mọ èyíkéyìí nínú wọn. Olùkọ́ ni ọmọ náà, ní Igbemo, ọjọ́ Sátidé ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ wálé. Oyún méjì ti bọ́ lára ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, ó mú un wá bá mi ní Adó níbí, ó ní kí n bá òun ṣọ́ ọ. Mo gbà. Ta ni kò ní í gbà? Ó ti wọ oṣù kẹfà báyìí, inú sì ti ń run ún láti ìdájí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣọ́ ọ fún yín.

Ẹ ó rántí ìbẹ́pẹ yín. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé igi náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé irú rẹ̀ kọjá òkun wá sí etíkun, tó wá ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí ó fi dé Abẹ́òkúta, níbi tí ogun kó yín lọ. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ tí àwọn ìgbèkùn ń padà sílé, ẹ fi Bíbélì sí abíyá, ẹ sì di kóró ìbẹ́pẹ sí etí aṣọ ìyá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwé ìjọ nígbà náà, ojú ń tì mí pé bàbá mi ń gbé kóró èso rin ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a délé, àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìbẹ́pẹ ti wà ní Adó. Ẹ ní kì í ṣe irú èyí. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ṣì wà lẹ́yìn ilé wa títí dòní.

Ewé rẹ̀ tó gbẹ lẹ ń sè mu fún ibà. Kóró rẹ̀ lẹ ń jẹ lẹ́nu fún aràn, ẹ ó sì fún ojú pọ̀ bí ó bá ti ń korò. Oje funfun rẹ̀ lẹ fi ń pa làpálàpá fún àwọn ọmọ ilé, wọ́n á sì ké. Nígbà tí ọṣẹ wọ́n, ewé náà ni ìyá mi ń fi fọ aṣọ tí ẹ fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó bá pọ́n, láràárọ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun kan ẹnu, ẹ ó là á, ẹ ó jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́yìn ilé, ẹ ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n. Inú kò le mọ́ yín rí. Títí ẹ fi lọ, ẹ ń ka Sáàmù láìlo awò. Èmi náà ń jẹ ẹ́ láràárọ̀, àfi pé èmi máa ń jókòó.

Ṣùgbọ́n ẹ fi òfin kan sílẹ̀. Ẹ ní èyí tó pọ́n ni ti aboyún. Èyí tó ṣì ń sun oje, ti ẹran àti ti ọgbẹ́ ni. Ohun tó lè tú iṣan ẹran ká nínú ìkòkò, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fi dán inú obìnrin wò.

Mo pa òfin náà mọ́, Bàbá. Mo fi ẹ̀gún yí ìdí àwọn igi náà ká. Èmi fúnra mi ni mò ń ká a, èmi ni mò ń là á fún Dọ́kàsì láràárọ̀, bí mo bá sì rí àwọ̀ ewé tútù díẹ̀ lára èèpo rẹ̀, mo ń gbé e tì títí yóò fi pọ́n dénú. Ó máa ń kúnlẹ̀ gbà á, á máa rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, bí mo bá bí ọmọ yìí tó pupa, ẹ má bi ọmọ yín ní ìbéèrè o. Ìbẹ́pẹ yín ni.”

Wúrà, àbúrò mi, ẹni tí ẹ máa ń gbé kọ́ èjìká lọ sóko, ti di opó, ó sì ti padà sọ́dọ̀ mi. Òun ló ń dáná. Ó jókòó nídìí ààrò lọ́jọ́ kan tí ìyàwó sọ bẹ́ẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ ulé, kí ẹ jẹ́ kí ìyàwó mí. Àníyàn ló kó eyín yín lọ, kì í ṣe ọjọ́ orí.”

A rẹ́rìn-ín. Mo tún jáde lọ wo ẹ̀gún náà.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún wọn. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Dọ́kàsì ti ń gbọn èso wẹ́wẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́, kò sí ẹyẹ, kò sí kòkòrò tí mo rí. Wọn kò ju àtàǹpàkò mi lọ, oje funfun á sì ti dì sí ojú ibi tí wọ́n ti já. Mò ń ṣà wọ́n kí Dọ́kàsì tó jí. N kò dà wọ́n sí ààtàn. Mò ń gbẹ́ ilẹ̀, mò ń sin wọ́n. Kí ló dé tí mò ń sin wọ́n, Bàbá? Ṣé ẹnìkan ló kọ́ mi ni?

Òótọ́ ni pé eyín mi ti lọ. Ẹran tí a ń rí rà sì le. Nítorí náà Wúrà ń gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sí ẹran mi bí ìyá wa ti ń ṣe é fún yín nígbẹ̀yìn, ẹran náà á sì rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mi ò sì gbàgbé ẹ̀kọ́ yín, pé àgbà kì í jẹ tán nínú àwo. Mò ń ṣẹ́ ẹran kù, mò ń ṣẹ́ ọbẹ̀ kù, wọ́n á gbé e fún ìyàwó, nítorí àjẹkù baba ọkọ, ìre ni fún ìyàwó ilé. Mo tilẹ̀ ń ṣẹ́ púpọ̀ kù fún un, nítorí pé ẹni méjì ló ń jẹ ẹ́. Mo ń súre sí àwo náà kí ó tó gbà á. Mo mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ mi. Mo mọ ẹni tó ń jẹ àjẹkù mi. Ohun méjèèjì wà níwájú mi lójoojúmọ́, n kò sì so wọ́n pọ̀ rí.

Agbẹ̀bí tí a ránṣẹ́ sí ní àdúgbò Òkè-Ìlá ló so wọ́n pọ̀. Ó yọjú láti yàrá ní àárọ̀ yìí, ó ń nu ọwọ́.

“Kí ló jẹ lánàá?”

“Kò jẹ nǹkan mìíràn,” ni Wúrà wí. “Uyán, àti ọbẹ̀ tí Bàbá ṣẹ́ kù.”

“Ọbẹ̀ wo?”

“Ẹran òbúkọ. Ó le bí awọ bàtà, mo bá gé ìbẹ́pẹ sí i fún wọn.”

“Ìbẹ́pẹ pípọ́n?”

Wúrà wo ojú mi. Èmi náà wo ojú rẹ̀.

“Ìyá,” ni mo wí fún agbẹ̀bí náà, “iná ti sè é. Ṣé iná kì í pa oje náà ni?”

“Bàbá, mi ò lè sọ pé òun ló ṣe é, mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe òun. Mo ti rí èyí tó jẹ ẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe é. Ẹ lọ jókòó.” Ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ti jókòó láti ìgbà náà. Awakọ̀ lọ́rì kan ti bá wa gbé ìròyìn lọ sí Igbemo, Jòsáyà lè ti wà lójú ọ̀nà. Kí ni n ó wí fún un? Wúrà wà lẹ́yìn ilé, mo ń gbọ́ bí ó ti ń fi yanrìn ha ìkòkò ọbẹ̀ náà, ó ti ń ha á láti ìgbà yẹn, kò sì dáwọ́ dúró. Bàbá, ṣé iná ń pa oje yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ mọ igi náà láti Abẹ́òkúta, kí ló dé tí ẹ kò sọ ti ọbẹ̀ fún mi? Àbí ẹ sọ ọ́, èmi ni n kò fetí sílẹ̀?

Dọ́kàsì ń ké tẹ́lẹ̀. Ó ti dákẹ́ báyìí, n kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. N kò lè dìde lọ kan ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó ṣí i. Bí ẹ bá rí ọmọ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà yín lónìí, tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì jọ ojú wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ọmọdé. Ẹ má bi í ní orúkọ. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ̀rù bà á, kí ó sáré padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí etí rẹ̀ ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.