Àwọn Abọ́ Tí Ẹ Ní Kí N Máa Kí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn àwọn ọmọ yín fún yín. Dẹ́bórà, àkọ́bí mi, ti bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n sì ti ń rìn. Sámúẹ́lì gbéyàwó lọ́dún tó kọjá, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ọmọ náà gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò mọ ọbẹ̀ sè. Jóẹ́lì, àbíkẹ́yìn mi tí ẹ fúnra yín sọ lórúkọ, òun náà ti gbéyàwó, ó ti bí obìnrin kan tí imú rẹ̀ jọ tiyín gan-an. Pẹ̀lú ti àwọn ọmọ mi yòókù, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ni mo ní báyìí. Bí ẹ bá gbọ́ pé mò ń ṣe fújà káàkiri Agbowó, òótọ́ ni.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní tètè gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, orúnkún wa á máa kan tábìlì. Tíṣà wa kéré sí Jóẹ́lì, ṣùgbọ́n a máa ń dìde fún un bó bá wọlé. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi òwe kankan sínú lẹ́tà mi. Ó ní, "Màmá, bí òwe yín bá ti wọlé, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ríbi jókòó." Mo bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ gbogbo wọn. Ẹ bá mi tọ́jú wọn síbẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó Jóẹ́lì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àfúà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Gánà ni, láti Kùmásí. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, Kùmásí tiwa, níbi tí ẹ ti ta abọ́ tánganran títí irun yín fi funfun. Jóẹ́lì kò mọ ibẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo rán an wá láti kékeré kó lè lọ sílé ìwé. Nígbà tí nǹkan le lọ́hùn-ún ni Àfúà wá sí Ìbàdàn, ibí ló ti pàdé ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí Jóẹ́lì mú un wálé, mo fi èdè wọn kí i, ọmọ náà bú sẹ́kún. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́ nílé, ó sì ti ṣe é dáadáa kó tó wá.

Nígbà tí ìjọba tiwa náà ní kí àwọn ará Gánà máa lọ, tí wọ́n ń di ẹrù sínú báàgì ní Ìwó Road, mo jókòó ti Àfúà nínú ilé, mo ń rántí ọjọ́ tí wọ́n lé àwa náà. Ṣé ẹ rántí? Wọ́n ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú máa lọ sílé rẹ̀. Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lé wa lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀wé, ẹ ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ ti lọ gba ìwé kankan. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa bọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ sọ títí a fi délé: "Ìwé ni wọ́n fi lé mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi lọ sórí bẹ́ńṣì ọmọdé ní ọjọ́ ogbó mi.

Àfúà ní ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì Gánà nìkan kò tó níbí, àfi kó ṣe ìdánwò ti Nàìjíríà kó tó lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò kùn. Tábìlì kan náà la jọ ń lò. Òun á wà lápá kan pẹ̀lú ìwé tó nípọn bíi búrẹ́dì, èmi á wà lápá kejì pẹ̀lú a, b, d mi. Bí mo bá ti ń tòògbé, á fi pẹ́ńsù gún mi lọ́wọ́, á ní, "Ìyá, tíṣà ti dé o." Ó yege ìdánwò náà. A pa adìẹ. A rò pé wàhálà ti tán.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road ní kó wá kí àwọn rí i. Ó dé lọ́sàn-án, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè gbà á ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́, àyè wà fún ẹni tí yóò máa nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Mátírọ̀nì, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ní òun kò lè fi aláìsàn lé ẹni tí kò mọ àgbà lọ́wọ́. Jóẹ́lì fárígá. Ó ní torí pé ó jẹ́ àjèjì ni, kó má ṣe dé ibẹ̀ mọ́. Àfúà ní ọmọ òun yóò jẹun. Ó gba iṣẹ́ ilẹ̀ nínù. Ọmọ tó ti gbẹ̀bí àìmọye aboyún wá ń ti búrọ́ọ̀ṣì kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ "kò mọ àgbà" yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Àfúà yìí, tó máa ń sáré wá gba ẹrù lórí mi láti ìta? Mo pè é sí pálọ̀. Mo ní, "Fi bí o ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn hàn mí. Ẹni mélòó lo bá?"

Ó ní, "Mẹ́ta, Ìyá."

Mo to àga mẹ́ta. Ó ní akọ̀wé kan, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún òun. Dókítà wà láàárín. Mátírọ̀nì, ìyá àgbà tó wọ awò ojú, ló wà lọ́wọ́ òsì pátápátá. Ó bọ́ síta, ó kanlẹ̀kùn, ó wọlé. Ó tẹrí ba fún akọ̀wé, ó kí i. Ó kí dókítà. Mátírọ̀nì ló wá kí kẹ́yìn.

Bàbá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá ni mo rí i pé omi náà kì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ fẹ́ gba ìsọ̀ nínú ọjà Kùmásí? Ẹ lọ kí àwọn àgbà ọjà níbi tí wọ́n jókòó tò sí. Ẹ rí i pé ẹni tó dàgbà jù wà lápá òsì, ẹ kọjá lára gbogbo àwọn tó kù, ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ rere. Àwọn tó kù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójú wọn, ẹ ti fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, ẹ lọ ń wá ojúrere ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ ò rí ìsọ̀ gbà. Obìnrin oníṣu tó ń gbé lágbo ilé wa ló là yín lóye. Ó ní, "Àlátà, lọ́dọ̀ wa, láti ọwọ́ ọ̀tún la ti ń kí èèyàn lọ, àgbà ni o, ọmọdé ni o." Àlátà, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo àwa ọmọ Yorùbá.

Ẹ délé, ẹ to abọ́ tánganran sílẹ̀, ńlá àti kékeré, ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ra, ẹ ní kí n máa kí wọn láti ọ̀tún dé òsì. Bí mo bá fo abọ́ kékeré láti lọ bá èyí tó tóbi, ẹ máa ń fi ṣíbí lu èyí tí mo fò, ẹ ó ní, "Eléyìí ń bínú." Ọmọdé ni mí, eré ni mo pè é. Ẹ̀yin náà bá mi kí wọn. Ẹ rí ìsọ̀ gbà nígbẹ̀yìn. Ṣé ó dùn yín, Bàbá, pé ọkùnrin tó ti bímọ tún ń kọ́ ìkíni bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀? Ẹ ò sọ fún mi rí.

Mo lọ kó abọ́ jáde nílé ìdáná, mo tò wọ́n síwájú Àfúà. Abọ́ ńlá tí mo fi ń ṣan ìrẹsì ni mátírọ̀nì. Mo ní, "Gbàgbé ọ̀tún. Wá abọ́ tó dàgbà jù, kúnlẹ̀ fún un kó o tó wo ojú àwọn tó kù."

Ó ní, "Ìyá, bí abọ́ kékeré bá wá bínú ńkọ́?"

Mo ní, "Abọ́ kékeré Ìbàdàn ti mọ àyè ara rẹ̀."

Ó mọ̀ ọ́n kíákíá. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa kẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a wọ takisí Dátísùn, ó di ilé mátírọ̀nì ní Òkè-Àdó. Jóẹ́lì ní kí a má lọ rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún un pé mo ti ń ṣe àjèjì kí n tó bí i, kó jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi.

Bí a ṣe wọlé, Àfúà kúnlẹ̀ fún mátírọ̀nì. Obìnrin náà tẹ awò rẹ̀ mọ́jú. "Ẹ̀ẹ́n? Ta ló wá kọ́ ọ lóòní?"

Mo ní, "Ó ti mọ àgbà tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ jókòó sí òsì." Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ bọ́ síta, kí ẹ tún wọlé bí ẹni tó wá wáṣẹ́ ní Kùmásí. Àwa la ó gbà yín síṣẹ́."

Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú, ṣùgbọ́n mo ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, kò lè kọ̀. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó lápá ọ̀tún, Àfúà láàárín, èmi lápá òsì. Mátírọ̀nì wọlé, ó wá bá mi tààrà, ó kúnlẹ̀, ó kí mi tilé tọ̀nà.

Àfúà fa ojú ro. Ó ní, "A ti gbọ́, mà. A ò lè gbà yín ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n àyè wà fún ilẹ̀ nínù."

Mátírọ̀nì gbójú sókè láti orí ìkúnlẹ̀.

Mátírọ̀nì ní, "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ fo èèyàn méjì, mà. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní Kùmásí, ẹ ti bú wa."

Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wo àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tún wò wọ́n, ó yọ awò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín nírú èyí?" Mo ní bàbá mi ni, abọ́ ló fi kọ́ mi. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti padà di ti ọ̀gá. Ó ní, "Kó mú ìwé rẹ̀ bọ̀ lọ́la. Oṣù mẹ́ta ni màá fi wò ó. Mi ò ṣèlérí o." Kì í ṣe ìlérí la wá gbà, àyè la wá gbà.

Oṣù mẹ́ta ti pé. Àfúà ti dé fìlà funfun. N kò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dán. Àwọn aláìsàn kan ṣì ń bèèrè bóyá ọmọ Gánà ni yóò gún àwọn lábẹ́rẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì máa ń sín Yorùbá rẹ̀ jẹ. Owó oṣù rẹ̀ kò tíì tó tiwọn. Ó ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá láti bèèrè ìdí rẹ̀. Ẹ gbọ́ yẹn, Bàbá: ó kọ̀wé sí wọn. Àti pé bí àlejò bá wá wáṣẹ́ báyìí, mátírọ̀nì kọ́kọ́ máa ń bi í pé níbo ló ti kọ́ ìkíni.

Nígbà tó gba owó oṣù nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀, ó fi díẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ra ohun tó bá wù mí. Mo mọ ohun tó wù mí. Sìmẹ́ńtì lásán ló wà lórí ibojì yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, nítorí pé nígbà tí a sin yín, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gánà dé ni, ọwọ́ wa ṣófo. Mo ti kọ ohun tí bíríkìlà yóò fín síbẹ̀ sórí ìwé, tíṣà kò sì bá mi kọ ọ́. Orúkọ yín ni, àti lábẹ́ rẹ̀: Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní ìlú méjì. Mo ti fi owó iṣẹ́ náà rán àbúrò mi lónìí, ogójì náírà.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí kò fo abọ́ kankan mọ́.