Ẹ̀rọ Tí Màmá Fi Rọ́pò Rìsífà Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Rìsífà yín ti bàjẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá irú nǹkan báyìí ṣì kàn yín níbi tí ẹ wà. Iná ló bà á jẹ́. Wọ́n mú iná lọ láàárọ̀ Sátidé kan. Nígbà tó sì máa dé, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ ní gbogbo àdúgbò wa ní ẹ́sítéètì Ìbà. Fíríìjì àwọn ará ìsàlẹ̀ jó. Ní tiwa, èéfín díẹ̀ ló rú lẹ́yìn rìsífà, ó sì dákẹ́. Nítorí pé inú àpótí kan náà ni rédíò àti agbára tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà wà, gbogbo rẹ̀ ló kú pọ̀. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Àjàngbàdì tú u wò, ó ní ohun tó jó nínú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́.

Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń fọwọ́ kàn án. Ẹ ó kọ́kọ́ fi aṣọ funfun nu ojú rẹ̀, ẹ ó wá yí bọ́tìnnì ńlá náà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó máa gbọ́. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Brọ̀dá ló ń tàn án fún Màmá bí wọ́n bá wá lópin ọ̀sẹ̀. Èmi náà máa ń tàn án bí mo bá ti Okokomaiko wá. Bí a bá ti lọ, pálọ̀ á tún dákẹ́.

Èmi àti Brọ̀dá kò fẹnu kò lórí èyí tí a máa rà. Brọ̀dá ní ká ra èyí tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ampilifáyà tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà lọ́tọ̀, rédíò lọ́tọ̀, ti kásẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Wọ́n ní bí iná bá pa ọ̀kan, ìyókù á yè, àti pé a lè so fídíò mọ́ ọn kí ohùn fíìmù máa ti iwájú àti ẹ̀yìn wá bíi ti sinimá. Èmi ní rìsífà náà ni ká tún rà, àpótí kan, wáyà díẹ̀, torí pé Màmá nìkan ló ń gbélé. A sọ ọ́ títí. Màmá jókòó sáàárín wa, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Màmá fúnra wọn ló ní kí á mú àwọn lọ sí ọjà Alaba. Ọkùnrin Ìgbò tó ni ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó gbé àga fún wọn. Ó tan rìsífà, ohùn rẹ̀ dára. Ó tan àwọn olótọ̀ọ̀tọ̀ náà, ohùn tiwọn náà dára. Màmá bi í pé kí ni wáyà pupa yẹn ń ṣe. Ó fà á yọ, ohùn apá kan sì lọ. Màmá gba wáyà náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá ojú ihò rẹ̀, wọ́n tì í wọ inú rẹ̀. Ohùn padà. Brọ̀dá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, Màmá rọra ti ọwọ́ Brọ̀dá kúrò.

“Nígbà tí bàbá yín wà, mi ò mọ bọ́tìnnì kan,” ni wọ́n wí. “Èyí tí mo lè tú, tí mo sì lè tò padà, ni kí ẹ rà fún mi.”

Mo sọ fún wọn pé wáyà rẹ̀ pọ̀ jù.

“Ọjọ́ tí mo máa fi jókòó sílé náà pọ̀.”

A san owó àwọn olótọ̀ọ̀tọ̀ náà. Ṣé Màmá bẹ̀ yín rí pé kí ẹ kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń tan rìsífà yín? Àbí wọn ò tiẹ̀ béèrè?

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá Màmá tí wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sórí ẹní. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ ránṣẹ́ pe Brọ̀dá. Wọ́n ní kí n lọ bu omi mu. Kí n tó mu omi tán, orin ti ń dún nínú rédíò. Báyìí, bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ìyá ìjọ wọn á wá wo fíìmù, Màmá á sì máa yí ohùn sókè sódò fún wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín gan-an. N kò rántí pé mo gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ wa rí.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Sípíkà ẹ̀yìn kò ríbi dúró, àfi ibi tí àga yín wà. Màmá wo àga náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n di apá kan mú. A jọ gbé e wọ yàrá yín, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la gbé e sí. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí a padà sí pálọ̀, wọ́n gbé sípíkà síbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n jókòó, wọ́n sì tan fíìmù.

Ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọbìnrin yín.