Orúkọ Tí Ẹ Fún Ọkọ Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀rù ń bà mí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa, kí n béèrè bí ọ̀hún ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu mi. Àárọ̀ ọ̀la, Mọ́ńdè, ni èmi àti Pọ́ọ̀lù ọkọ mi máa lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, a ó sì fi ẹnu ara wa sọ fún wọn pé ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí físà rẹ̀ ti kú. Wọ́n lè jẹ́ kó bá mi padà wálé. Wọ́n sì lè tì í mọ́lé, kí wọ́n dá a padà sí Kamẹrúùnù, kí wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà mọ́.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ omi sínú ike ló mú un wá sí Kaduna pé kó wá tún ẹ̀rọ wọn ṣe fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, wọ́n ní àwọn máa bá a sọ físà náà di tuntun. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀gá wọn ti kó ẹrù, wọ́n ti ti géètì pa, ọwọ́ gáàdì ló sì ti padà rí pásípọ́ọ̀tù gbà. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún fíríìjì ṣe kiri Sabon Tasha, àdúgbò wa. Ọjọ́ tó tún tiwa ṣe, ẹ jókòó tì í títí ó fi parí, ẹ wá bu ẹ̀kọ kókó fún un, ẹ fún un ní mẹ́ta nínú àkàrà kósáì mẹ́rin tó kù. Mo rí i, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, nítorí ẹ kì í fún èmi tí ẹ bí ní kósáì yín.

Ìgbéyàwó wa ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ẹbí wa ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ẹbí Pọ́ọ̀lù kò lè wá, ìjà wà ní gbogbo ọ̀nà ilé wọn. Ẹ̀yin ní kò sí bí ọkọ ìyàwó ṣe máa dá nìkan dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó já bọ́ láti ọ̀run. Ẹ bá lọ bẹ Bàbá Adéòtí, ọ̀rẹ́ yín nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, pé kí wọ́n wá ṣe bàbá ọkọ. Ìyẹn kò burú. Bí àwa Yorùbá tó wà níbí ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹni tí bàbá rẹ̀ kò sí nítòsí, a ó yá a ní bàbá fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ kò dúró níbẹ̀. Kí àwọn àbúrò yín obìnrin má baà sọ pé ẹ fọmọ fún àjèjì tí ẹnì kankan kò mọ ilé rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ Adéòtí gan-an ni, pé ìlú òkèèrè ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí pásítọ̀ ṣí ìwé ìgbéyàwó ìjọba ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àbúrò yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n ń wo ẹnu yín, ẹ kò sì lè kó ọ̀rọ̀ yín jẹ mọ́. Pọ́ọ̀lù Adéòtí lẹ pè, òun náà ni pásítọ̀ kọ sílẹ̀. Níbi orúkọ bàbá ọkọ, Adéòtí náà ni. Ẹ fọwọ́ sí i, Pọ́ọ̀lù fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fọwọ́ sí i, tí ẹ máa ń fi réésà gbẹ́ pẹ́ńsùlù kí ẹ fi máa tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tí ẹ kò ka èyí? Àbí ẹ kà á?

Pọ́ọ̀lù Tanyi ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Pọ́ọ̀lù Adéòtí ni ìjọba mọ̀ sí ọkọ mi. Nígbà tí ẹ wà láyé, ọ̀rọ̀ náà kò ká wa lára, àwàdà ni à ń fi í ṣe. Oṣù tó kọjá ni àwàdà tán. Àwọn ìmígíréṣọ̀n dá bọ́ọ̀sì tí Pọ́ọ̀lù wọ̀ dúró nítòsí gáréèjì Television, wọ́n ní kí oníkálukú mú káàdì ìdánimọ̀ jáde. Ó fi Hausa bẹ̀ wọ́n, ó ní òun gbàgbé tòun sílé, wọ́n sì jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ẹni tó jókòó tì í kalẹ̀. Nígbà tó délé, èmi ni mo bá a bọ́ bàtà. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti kan géètì, Tọ́míwá, ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, á sáré lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ?

Mo lọ bá lọ́yà kan, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí. Ó ní tí mo bá jẹ́ ọkùnrin, tí Pọ́ọ̀lù jẹ́ ìyàwó, òfin ì bá ṣí ọ̀nà fún un láti di ọmọ Nàìjíríà nípasẹ̀ mi. "Àǹtí, wọn ò kọ ọ́ fún ọkọ. Ìyàwó nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún." Mo ní kó tún un sọ, bóyá mi ò gbọ́ dáadáa ni. Ohun tó kù ni pé kí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ padà sí Kamẹrúùnù lọ tọrọ físà ọkọ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè rí iye ọdún tó fi jókòó síbí láìgbàṣẹ ní bodè, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Tàbí kí àwa méjèèjì lọ síwájú ìmígíréṣọ̀n ní Kaduna níbí, ká jẹ́wọ́, ká san ìtanràn, ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní ìwé ìgbélùú nítorí èmi. Ó wá gbé ìwé ìgbéyàwó wa, ó wo pásípọ́ọ̀tù, ó tún wo ìwé ìgbéyàwó. Ó ní, "Àǹtí, ta ni Adéòtí?"

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín, mi ò sọ fún ẹlòmíì. Ẹnì kan wà tó máa ń bá èèyàn ṣe ìwé, ó ní kí la ń bẹ̀rù sí, ṣebí ìwé ti sọ pé ọmọ Adéòtí ni. Kí Bàbá Adéòtí búra pé àwọn ló bí i, á gba káàdì, á gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ó parí. Bàbá Adéòtí ní àwọn ṣe tán. "Haba! Ṣé èmi tí mo jókòó gba ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ni mo máa wá sá?" Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo fẹ́ ẹ gidigidi. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sùn dáadáa. Pọ́ọ̀lù ni kò gbà. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé ní abúlé wọn, òun nìkan sì ni ọmọkùnrin tó kù fún un. Ó wò mí, ó ní, "If I turn Adéòtí, which pikin my mama born? The day she die, na who go bury am?" Ojú tì mí.

A wá gba ọ̀nà òtítọ́, ọ̀nà náà sì gba orí yín kọjá. Lọ́yà ní mo gbọ́dọ̀ búra ní kọ́ọ̀tù bí orúkọ Adéòtí ṣe dé inú ìwé. Mo kọ ọ́ pé àṣìṣe ni. Ó fi bírò fa ìlà sí i. Ó ní wọ́n máa ránṣẹ́ pe pásítọ̀ àti Bàbá Adéòtí, àṣírí á tú, wọ́n á sì ní èmi náà ń purọ́. Mo ní ṣé a ò lè sọ pé pásítọ̀ ló ṣì í gbọ́. Ó mi orí. Mo pa á tì fún ọjọ́ méjì, mo padà lọ, mo jẹ́ kó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, akọ̀wé kọ́ọ̀tù ka ìwé náà sí mi létí, pé bàbá mi tó ti di olóògbé mọ̀ọ́mọ̀ fún pásítọ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe òótọ́, bàbá náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Àgbàlagbà ni ọkùnrin náà, ó ní irun funfun bíi tiyín. Ó gbójú sókè, ó ní, "Madam, kin tabbata?" Ó ń béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ọwọ́ mi wà lórí Bíbélì. Obìnrin mìíràn wà lẹ́yìn mi tó ń dúró de tirẹ̀. Mo ní, "Na tabbata." Ó lu òǹtẹ̀ sí i.

Ẹ ò sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu yín. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó bá wà láyé lè ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, lè ní ojú ló ń ti òun níwájú àwọn àbúrò òun, lè ní òun fẹ́ kí ọmọ òun ní iyì. Kò sí àyè fún gbogbo ìyẹn nínú ìwé kọ́ọ̀tù. Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ bínú?

Pọ́ọ̀lù ti lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ́la. Ó ti fi ohun tí Tọ́míwá máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan pamọ́ láìsọ fún mi, ṣùgbọ́n mo rí i. Bí wọ́n bá dá a dúró lọ́hùn-ún, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú un lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ kó padà wálé, Bàbá mi, orúkọ rere yín ni mo fi rà á.

Èmi ni, ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju ohun tó sọ ní kọ́ọ̀tù lọ.